Orí Keje

Èmi ni mo bí Lásísì, láìlóyún, láìrọbí.
Inú ìwé olójú-ewé ọgọ́ta ni mo bí i sí,
lẹ́bàá fèrèsé mi l'Ókè-Fìà, l'Óṣogbo,
lọ́jọ́ tí iná lọ tí mo ń wá ẹni tí màá bú.

Mo fún un ní ikùn bí àpò ẹ̀wà.
Mo fún un ní fìlà kan tó ti ń gbó
láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń dé déédéé.
Mo kọ́lé oníyàrá mẹ́rìnlá fún un l'Álékùwódò,
mo so kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ omi mọ́ ọn lọ́rùn.
Mo ní kó máa ka ìgbálẹ̀ ní ẹyọ-ẹyọ,
kó máa yọ gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ lálẹ́, kó gbé e wọlé lọ sùn.
Nígbà fídàú ìyá rẹ̀, ní orí kejì,
ó ní kí àlejò gbóòórùn ọbẹ̀ lọ sílé,
pé ọ̀fọ̀ kì í fẹ́ ọ̀kánjúwà.

Ẹ rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ẹ rẹ́rìn-ín.
Mùtíyátù tó ń bá mi tẹ̀ ẹ́ nídìí Sitéṣàn
rẹ́rìn-ín títí omi ojú fi kán sínú ẹ̀rọ,
bọ́tìnì "ṣ" ṣì ń lẹ̀ títí dòní.

Àmọ́ ẹni tó bá dá ènìyàn,
ó yẹ kó tẹ̀ lé e délé lẹ́ẹ̀kan.
Ní orí keje, mo tẹ̀ lé e.
Kì í ṣe àánú ló gbé mi lọ o:
ibi tó ń kówó pamọ́ sí ni mo fẹ́ mọ̀,
kí n lè rán eku sí i, kí ẹ tún rẹ́rìn-ín.

Ó ti ilẹ̀kùn. Ó bọ́ fìlà.
N kò tíì kọ ọ́ rí pé orí rẹ̀ pá.
Ó fa ìwé gbèsè yọ lábẹ́ ẹní,
gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń tàn lé e lórí,
ó ṣí i dé ojú ewé Ìyá Ṣàlàmì,
opó tó ń gán bọ́tìnì fún àwọn télọ̀,
oṣù mẹ́jọ, kò tíì san kọ́bọ̀.
Ó fi ahọ́n tọ́ ẹnu bírò wò.
Ó kọ "Ó ti san" síwájú oṣù kìíní.
Ó kọ ọ́ síwájú ìkejì.
Nígbà tó dé ìkarùn-ún, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n
(ahun ṣáà ni, ó ń dùn ún),
ó mu omi díẹ̀, ó kọ ìyókù.

Ilẹ̀ mọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà opó, ó figbe ta:
"Ta ló fi ìgbálẹ̀ mi sínú òjò?
Ta ló fẹ́ jẹ mí run nínú ilé yìí?"
Gbogbo àgbàlá gbọ́, gbogbo àgbàlá pòṣé.
Ẹnikẹ́ni ò bi í pé owó ilé ńkọ́.

Mo gbọ́ tí ẹ̀rọ Mùtíyátù dákẹ́.
"Ìyá, ṣé kí n tẹ èyí náà?"
Mo ní kó tẹ̀ ẹ́.
"Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n níbì kan ni?"
Mo ní rárá. Fìlà yẹn nìkan ni mo mọ̀.
Orí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi ló wà,
láti ọdún tí ẹni tó ń dé e ti lọ
tí a pín ohun ìní rẹ̀, tí à ń fi í ṣẹ̀fẹ̀.

Ẹ má ní kí n sọ Lásísì di ẹni mímọ́.
Ní orí kẹjọ, ó ṣì ti ẹ̀rọ omi pa,
òjò dé, ó yọ̀ ní gọ́tà Ìgbóná,
kọ́kọ́rọ́ lọ, bàtà lọ, ikùn lé téńté.
Ẹ rẹ́rìn-ín, ó tọ́ sí i.
Ṣùgbọ́n kí ẹnìkan nínú yín
bá mi sáré mú fìlà yẹn kí omi tó gbé e.